Fọ́tò Yíyà Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Àbọ̀ṣe: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Lẹ́tà tí ó wọlé sí wa lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò yíyà láti Ìlọrin àti àwọn ìlú gúúsù Kwara pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí a fi odidi ojú-ìwé oṣù yìí dá wọn lóhùn. Mo yan márùn-ún nínú wọn. Ti olùkọ́ kan láti Ọ̀ffà ni mo fi ṣáájú, òun ni mo sì fún ní àyè jù, nítorí pé ohun tí ó béèrè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ń béèrè lọ́nà mìíràn.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ọ̀ffà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn fọ́tò yíyà. Mo ní kámẹ́rà kan tí mo rà ní àlòkù pẹ̀lú lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí ó bá a wá, àwọn ènìyàn a sì máa sọ pé fọ́tò mi dára. Owó oṣù kò tó ná mọ́, mo sì fẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ràn yìí máa mú owó díẹ̀ wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀ láì jẹ́ pé mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yá owó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, kí n fi ra kámẹ́rà tuntun àti lẹ́ńsì ńlá, kí n wá máa ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ṣé ìmọ̀ràn yìí dára? Níbo ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀?
— Olùkọ́, Ọ̀ffà

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́, olùkọ́ wa. Ẹ má yá owó ra kámẹ́rà. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ ire fún yín, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn ni ó fi ṣáájú. Kì í ṣe kámẹ́rà ni oníbàárà ń sanwó fún, kì í tilẹ̀ ṣe ẹwà fọ́tò nìkan. Ohun tí ó ń sanwó fún ni kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé ayàwòrán yóò dé ní àsìkò, pé fọ́tò yóò jáde bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́, àti pé ọjọ́ tí wọ́n dá kò ní yẹ̀. Àwọn tí ó lè ya fọ́tò tí ó dùn ún wò pọ̀ ní Ọ̀ffà àti ní Ìlọrin. Àwọn tí a kò ní máa pè lórí fóònù lọ́sàn-án lóru kí fọ́tò ìsọmọlórúkọ tó jáde ni kò pọ̀. Ibẹ̀ ni àyè wà fún ẹni tí ó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ tí ó sì ti mọ bí a ṣe ń pa àkókò mọ́.

Ní ti irinṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ èyí tí ó ń ya fọ́tò megapixel 24, fọ́tò kan yóò ní pixel (àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tí ó para pọ̀ di fọ́tò) 6,000 ní gígùn àti 4,000 ní fífẹ̀. Bí ilé ìtẹ̀fọ́tò bá tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n 300 pixel sí íńṣì kan, tí í ṣe ìwọ̀n tí àwọn atẹ̀fọ́tò ń lò fún fọ́tò tí a ó fà súnmọ́ ojú wò, yóò tó íńṣì 20 ní gígùn àti íńṣì 13 ní fífẹ̀. Fọ́tò tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni à ń fi férémù sí tí à ń gbé kọ́ sí pálọ̀. Kí ni kámẹ́rà tuntun yóò wá fi kún un fún oníbàárà yín? Lẹ́ńsì tí ó bá a wá, bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 18–55mm sí lára, tó fún iṣẹ́ ojúmọmọ. Inú gbọ̀ngàn àti inú mọ́sálásí tí iná kò mọ́lẹ̀ dáadáa ni yóò ti dá yín lágara. Nítorí ìyẹn, ẹ fi èrè yín àkọ́kọ́ ra lẹ́ńsì 50mm f/1.8 (bí nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó), tí ó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ láàárín àwọn lẹ́ńsì. Bí a bá na lẹ́ńsì àkọ́kọ́ yẹn dé òpin, f/5.6 ni ojú rẹ̀ sábà máa ń ṣí mọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú f/1.8 ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá tirẹ̀.

Ìgbéyàwó ńkọ́? Ẹni tí ó ní kámẹ́rà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí gbogbo ìdílé gbójú lé ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí kámẹ́rà náà bá kọṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń so yìgì lọ́wọ́, kò sí bí a ó ṣe ní kí Alfa tún un so nítorí fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú iṣẹ́ ìgbéyàwó lọ́jọ́ iwájú, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé ayàwòrán kan tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, kí ẹ máa ya àwọn àlejò nígbà tí òun ń ya ìyàwó àti ọkọ. Owó tí yóò fún yín lè kéré, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ bí ọjọ́ náà ṣe ń lọ: ìgbà tí àwọn ẹbí ń péjọ, ìgbà tí àwọn òbí ń gbàdúrà, ibi tí a kì í dúró sí kí a má baà dí àwọn àgbà lójú.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Olùkọ́ ni yín, ẹ mọ àwọn òbí, ẹ sì mọ ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe ayẹyẹ ìparí ọdún. Ẹ tọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ, kí ẹ bá a sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ fẹ́ ya fọ́tò kíláàsì kọ̀ọ̀kan àti ti ọmọ kọ̀ọ̀kan tí òbí rẹ̀ bá fẹ́, kí ẹ jọ ṣe àdéhùn iye tí yóò kan ilé-ẹ̀kọ́. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù náà kò yẹ kí ẹ fojú kéré. Ti ìwé ìrìnnà Nàìjíríà jẹ́ mílímítà 35 ní fífẹ̀ àti 45 ní gíga, pẹ̀lú ẹ̀yìn funfun. Ti físà Amẹ́ríkà jẹ́ íńṣì méjì níhà gbogbo, wọn kì í sì í gba èyí tí a fi awò ojú yà. Pépà íńṣì 4 sí 6 kan ṣoṣo ń gba mẹ́jọ nínú ti Nàìjíríà bí a bá tò ó dáadáa. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kò ní wá a.

Èyí tí mo gbà pé ó dára jù fún yín ni fọ́tò ọjà títà, pàápàá ti aṣọ-òkè. Ìlọrin kò jìnnà sí yín, àwọn ahunṣọ sì pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àwọn oníbàárà ní Èkó, ní Àbújá àti ní òkè òkun. Oníṣòwò bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ fọ́tò tí ó rẹwà ju aṣọ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó fẹ́ ni fọ́tò tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti aṣọ mu, kí ẹni tí ó rà á má baà dá a padà pé aṣọ tí òun rí kọ́ nìyí. Ẹ gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tí oòrùn kò ti máa là wọlé tààrà, kí ẹ sì pa gílóòbù inú yàrá, nítorí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù àti ti ojúmọmọ kì í ní àwọ̀ kan náà. Bí méjèèjì bá jọ bọ́ sórí aṣọ, apá kan yóò pọ́n, apá kejì yóò dàbí aró, kò sì sí àtúnṣe orí kọ̀ǹpútà tí yóò mú un bá ara mu tán. Ẹ kọ́kọ́ ya pépà funfun kan nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, kí ẹ fi kọ́ kámẹ́rà bí funfun ṣe rí níbẹ̀. Ẹ wá ti páálí funfun kan sí òdìkejì fèrèsé kí ó máa da ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tí ó ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá yóò jẹ́ kí fọ́nrán òwú yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olùwòó yóò fi mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wà.

Kámẹ́rà tún ní ìwà kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ láti máa dá ìmọ́lẹ̀ wọ̀n fúnra rẹ̀, ó máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní àárín dúdú àti funfun. Nítorí náà, ẹtù tí ó dúdú yóò ṣá bí aṣọ tí a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, aṣọ funfun yóò sì dàbí èyí tí eérú bà. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà wọlé kù díẹ̀ fún ẹtù, kí ẹ fi kún un fún funfun. Ẹ gbé aṣọ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ bá ń tún fọ́tò náà ṣe, kí ẹ máa wo méjèèjì pọ̀. Ahunṣọ tí fọ́tò yín bá gbà lọ́wọ́ ìyà ọjà dídápadà yóò tún pè yín, yóò sì júwe yín fún aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹni tí ó ń gba owó oṣù kò lè ṣe ohun tí yóò lórúkọ. J.D. 'Okhai Ojeikere, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri àgbáyé, ra Brownie D, kámẹ́rà kékeré tí kò ní fláàṣì, ní ọdún 1950. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà West Africa Publicity ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, kí ó tó dá ilé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ó dúró ti ọ̀rọ̀ irun yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Venice ní orílẹ̀-èdè Ítálì ní ọdún 2013, ọdún kan kí ó tó papòdà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ó yan ohun kan, ó sì dúró tì í.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iye owó, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń fi ara wọn ṣòfò láìmọ̀. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Kí a ní kámẹ́rà jẹ́ ₦600,000, kí a sì ní ilẹ̀kùn inú rẹ̀ tí ń ṣí tí ń pa nígbà tí a bá yà á yóò ṣiṣẹ́ fún fọ́tò 100,000 kí ó tó máa rẹ̀ ẹ́. Fọ́tò kọ̀ọ̀kan ti jẹ ₦6 lára kámẹ́rà nìyẹn. Bí ẹ bá ya fọ́tò 500 níbi ìsọmọlórúkọ kan, ₦3,000 ti lọ. Ẹ fi owó ọkọ̀ ₦4,000 àti dátà ₦2,000 kún un. Ẹ lo wákàtí mẹ́rin níbẹ̀ àti wákàtí márùn-ún nídìí àtúnṣe. Bí ẹ bá ka wákàtí kan sí ₦1,000, ₦9,000 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦18,000, a kò tíì tẹ fọ́tò kankan, a kò sì tíì sọ̀rọ̀ èrè. Ẹni tí ó gba ₦15,000 fún iṣẹ́ yìí ti fi ₦3,000 ta oníbàárà lọ́rẹ, inú rẹ̀ yóò sì máa dùn pé òun pa owó. Ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ìwé náà yóò wúlò pẹ̀lú nígbà tí ọ̀rọ̀ owó-orí bá dé: òfin owó-orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2026 kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ṣùgbọ́n owó oṣù àti owó fọ́tò ni a ó pa pọ̀ ṣírò.

Ẹ dá ọjọ́ tí fọ́tò yóò jáde, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì kún iye tí ẹ rò pé yóò gbà yín. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ yà á gan-an, ẹ da àwọn fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà àti sórí háàdì mìíràn, kí ẹ má sì pa ohun tí ó wà nínú káàdì kámẹ́rà rẹ́ títí tí oníbàárà yóò fi gba tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé (Document), kì í ṣe bí fọ́tò, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò kéré kí ó lè yára lọ, ó sì máa ń ba dídán rẹ̀ jẹ́.

Ẹ ka ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ kí ẹ rí i pé kò lòdì sí iṣẹ́ mìíràn. Àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ: Àfikún Karùn-ún ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò máa darí okòwò aládàáni, iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wádìí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó gbé pátákó síta.

Ìbéèrè

Olóòtú, mò ń ya fọ́tò ọmọdé àti ti ìdílé ní Tankẹ ní Ìlọrin. Àwọn ẹbí ọkọ mi àti àwọn tí a jọ ń ṣe àsàlátù kì í fẹ́ sanwó. Bí mo bá dárúkọ owó, wọ́n á ní, “Ìyàwó wa, ṣé àwa náà ni?” Bí mo bá sì yà á tán, ó lè tó oṣù mẹ́ta kí àwọn tí ó gbà láti san tó san. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláfojúdi.
— Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ìyàwó ilé ni yín, a kò sì lè máa bá ẹbí ọkọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá dé tán pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn kí ẹ tó mẹ́nu ba owó. Ẹ tẹ iye owó yín sórí káàdì kékeré kan, kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn láì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tí a ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé kò ní ojú ẹnìkan nínú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ohun tí ẹ ó máa fi ta ẹbí lọ́rẹ, kí ó sì jẹ́ ohun tí ẹ lè dá dúró sí. Tèmi ni pé kí ó jẹ́ fọ́tò títẹ̀, kì í ṣe àkókò yín. Bí ìyá ọkọ bá pe yín sí ìsọmọlórúkọ, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì wí pé: “Ẹ ṣeun Màmá, mo dúpẹ́ tí ẹ rántí mi. Iṣẹ́ náà yóò gbà mí ní ọjọ́ kan àti òru méjì, iye báyìí ni àwọn ènìyàn sì ń san. Ẹ̀yin ẹ san ìdajì, fọ́tò ńlá kan nínú férémù sì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún ọmọ.” Ọ̀rọ̀ náà kò ní àfojúdi nínú, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ iye tí ẹ fi sílẹ̀. Ìnira tí a kò sọ jáde kò sí ẹni tí yóò dúpẹ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn tí ó ń jẹ gbèsè, owó àsansílẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gba ìdajì lọ́jọ́ tí ẹ bá dá ọjọ́ iṣẹ́, nítorí lọ́jọ́ yẹn ni ẹ ti lé oníbàárà mìíràn padà nítorí tiwọn. Ìdajì tí ó kù, kí wọ́n san án kí fọ́tò tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fi fọ́tò kéékèèké tí ẹ ti kọ orúkọ iṣẹ́ yín sí láàárín hàn wọ́n kí wọ́n fi yan èyí tí wọ́n fẹ́. Ní àkókò Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, tí gbogbo ìdílé máa ń fẹ́ ya fọ́tò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti Yídì dé, ẹ má gba ẹnikẹ́ni tí kò bá ti san àsansílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà ṣe ẹbí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, wákàtí rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀, kódà bí ó jẹ́ gbólóhùn mẹ́rin lórí WhatsApp: iye owó, iye fọ́tò, ọjọ́ tí yóò jáde, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú.

Ìbéèrè

Mo ya fọ́tò ìyàwó tuntun kan ní agbègbè Ọjà Ọba, mo sì gbé e sí orí Facebook àti WhatsApp láti fi polówó iṣẹ́ mi. Baba ìyàwó pè mí, wọ́n bínú gidigidi, wọ́n ní kí n yọ ọ́. Mo yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ní èmi ni mo ni fọ́tò náà, pé kò yẹ kí n gbọ́ràn. Ta ni ó jàre?
— Ayàwòrán, Ìlọrin

Ìdáhùn

Ẹ ṣe é re tí ẹ yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ yín mọ ìdajì òfin. Lábẹ́ Òfin Copyright (ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ọnà) ti ọdún 2022, ẹni tí ó ya fọ́tò ni ó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, kódà bí wọ́n bá sanwó fún un, àyàfi tí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹni tí ó pe ayàwòrán láti ya fọ́tò fún ìlò ara rẹ̀ àti ìlò ilé lè dá a dúró kí ó má ṣe gbé fọ́tò náà jáde fún aráyé. Èyí ni pé ẹ ni fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi polówó bí wọ́n bá kọ̀.

Kí a tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Ìlọrin ni a wà. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ kò fẹ́ kí ojú ìyàwó wọn wà níbi tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ti lè máa wò ó, àwọn obìnrin mìíràn a sì ṣí híjáàbù wọn nínú yàrá níwájú ayàwòrán obìnrin nítorí pé wọ́n fọkàn tán an. Ìfọkàntán yẹn ni ọjà yín. Ẹ fi ìbéèrè kan sínú àdéhùn yín: “Ṣé ẹ gbà kí n fi fọ́tò yìí hàn fún àwọn ẹlòmíràn?” Kí ìyàwó fúnra rẹ̀ dáhùn, kí àwọn òbí náà mọ̀. Àwọn tí ó bá gbà yóò tó fi polówó. Fún àwọn tí kò gbà, ẹ lè béèrè bóyá ẹ lè lo èyí tí ojú kò sí nínú rẹ̀: làálì ọwọ́, òrùka, aṣọ-òkè tí a ká sórí àga. Mo ti rí irú fọ́tò làálì bẹ́ẹ̀ tí ó pe oníbàárà ju ojú ènìyàn lọ.

Fọ́tò àwọn ọmọdé, ẹ má gbé e síta láì gba àṣẹ òbí, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó.

Ìbéèrè

Mo máa ń ya fọ́tò àwọn ibi àtijọ́ àti ibi ìgbafẹ́ ní gúúsù Kwara: òṣòòrò omi Owu, àwọn ère Èsìẹ́, ìjàkadì Ọ̀ffà. Ṣé mo lè tà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Mo sì fẹ́ yá drone láti fi ya omi Owu láti òkè.
— Akẹ́kọ̀ọ́, Òmù-Àrán

Ìdáhùn

Ẹ lè tà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé yóò tètè mówó wá. Shutterstock, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá ayàwòrán ta fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fún ayàwòrán ní ìdá 15 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá ta fọ́tò rẹ̀, ó sinmi lórí iye fọ́tò tí ó ti tà lọ́dún náà, gbogbo ènìyàn sì ń padà sí ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Adobe Stock, tí òun náà jẹ́ irú rẹ̀, ń fúnni ní ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Fọ́tò kan lè mú owó tí kò tó dọ́là kan wá. Ẹni tí ó bá ń jèrè níbẹ̀ ni ẹni tí fọ́tò rẹ̀ pọ̀, tí ó sì kọ àlàyé rẹ̀ dáadáa kí ẹni tí ń wá nǹkan lè rí i. Bí ojú ènìyàn tí a lè dá mọ̀ bá wà nínú rẹ̀, wọn kò ní gbà á fún ìpolówó ọjà láì sí ìwé àṣẹ tí ẹni náà fọwọ́ sí, nítorí náà ẹ mú ìwé àṣẹ lọ síbi ìjàkadì.

Ilé àkójọ-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ère òkúta inú rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń bójú tó o, nítorí náà ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó rẹ̀ kí ẹ tó ya ohunkóhun tí ẹ fẹ́ tà. Drone kò ṣeé gbé sókè bákan náà láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, ẹni tí ó yá yín ní drone kò sì lè fi ẹnu lásán fún yín ní àṣẹ yẹn. Kí ẹ tó lọ sí Owu, ẹ bi àwọn ará Ọ̀wà-Kájọlà bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ má sì dá lọ.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wà nítòsí ni n ó kọ́kọ́ lọ: àwọn òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ ọmọ Èsìẹ́ tí ó wà ní Èkó lè san owó fọ́tò ńlá kan ju ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò fún yín lórí rẹ̀ lọ ní ọdún púpọ̀.

Ìbéèrè

Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku ń wọ inú kámẹ́rà mi. Nígbà òjò, nǹkan funfun bí òwú aláǹtakùn ń hù nínú lẹ́ńsì. Kí ni kí n ṣe?
— Òǹkàwé, Ajàṣẹ́-Ìpo

Ìdáhùn

Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Bí ó bá di dandan, ẹ wọ inú ọkọ̀ tàbí inú ilé, kí ẹ dojú kámẹ́rà kọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù rọ́bà tí à ń tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde fẹ́ eruku kúrò lójú lẹ́ńsì kí ẹ tó fi aṣọ kan án, nítorí eruku tí a fi aṣọ nù lórí gbígbẹ a máa ha á. Ohun tí ń hù nígbà òjò ni irú olu tín-ín-rín kan tí à ń pè ní fungus, ọ̀rinrin àti òkùnkùn ni ó sì ń bọ́ ọ. Ẹ má fi kámẹ́rà pa mọ́ sínú báàgì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ ra ike onídèérí tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, kí ẹ kó àwọn àpò kéékèèké silica gel, tí ń fa ọ̀rinrin mu, sí i, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ẹ sì máa gbé lẹ́ńsì jáde lóòrèkóòrè kí ó rí ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó ti hù tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tú, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù títí ẹ ó fi gbé e lọ.